Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Wo Ẹ̀yìn Ojú Yín

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí rédíò kì í jìnnà sí yín láàárọ̀, ẹ̀yin gan-an la bá wá lónìí.

Ọ̀rọ̀ ojú ni. Ojú àwọn àgbà tó ní àtọ̀gbẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà.

Ẹ jẹ́ ká ti sọ kókó rẹ̀ báyìí, nítorí ẹni tó fẹ́ tètè jáde. Ẹ̀yìn ojú ni àtọ̀gbẹ ti ń ba ojú jẹ́. Kì í dunni. Kì í pọ́n ojú. Ẹni tó ń bà lójú jẹ́ lọ́wọ́ lè máa ka ìwé ìròyìn, kó sì máa ka nọ́ńbà ọkọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tí ojú bá ṣú kó tó jẹ́ kí dókítà wo ẹ̀yìn ojú òun. Gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ láàárọ̀ yìí, ibẹ̀ ló ń lọ.

Ta ni ewu yìí sún mọ́ jù? Kí ló ń fà á sún mọ́ ọn? Kí ni èèyàn lè ṣe sí i nínú ìlú Ìbàdàn níbí?

Ẹni tó bá mọ ọjà Dùgbẹ̀ á mọ àwọn tó ń ta jígí ojú lẹ́bàá títì. Tábìlì kékeré kan, agbòòrùn lókè rẹ̀, jígí tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, nọ́ńbà wẹ́wẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ìwé ìròyìn kan máa ń wà níbẹ̀ tó ti gbó, tí etí rẹ̀ ti ká. Bàbá kan á yà síbẹ̀. Á mú jígí kan, á fi sójú, á gbé ìwé ìròyìn náà sókè. “Rárá, èyí ò mú un.” Á mú òmíràn. Á sún ìwé síwájú, á tún fà á mọ́ra. “Ẹ̀n-ẹ́n, èyí gan-an rèé.” Wọ́n á ná an, á sanwó, á kì í bọ àpò, á bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó bi í bóyá ó ní àtọ̀gbẹ.

Fún ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, tí kò ní àìsàn kankan lára, tó jẹ́ pé ìwé kíkà nìkan ló ń dà á láàmú, jígí ẹ̀bá títì lè ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Nígbà tí ṣúgà bá pọ̀ lẹ́jẹ̀, omi máa ń wọ inú gíláàsì tí Ọlọ́run dá sínú ẹyinjú, gíláàsì náà á wú. Jígí tó bá a mu lónìí lè má bá a mu mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Á tún padà wá, á ra òmíràn. Á tún ra ẹ̀kẹta. Á máa sọ nílé pé ayédèrú ni wọ́n ń tà fún òun. Ẹ̀bi ẹni tó ń ta jígí kọ́. Ṣúgà tó ń lọ sókè, tó ń lọ sílẹ̀ ló ń ṣe é.

Òmíràn wà tó jẹ́ pé ayọ̀ ni wọ́n fi máa ń gbà á. Ìyá àgbà kan tí kò lè ka Bíbélì láìlo jígí láti bí ọdún mẹ́wàá, ó jí lọ́jọ́ kan, ó ń kà á geere. Tàbí bàbá tó jẹ́ pé Kùránì onílẹ́tà gàdàgbà ló ń kà, ó wá ń ka onílẹ́tà wẹ́wẹ́. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á jẹ́rìí, àwọn ọmọ á bá wọn yọ̀. Ẹni tó bá rí irú èyí, kó dúpẹ́, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n kó tètè lọ rí dókítà ojú. Nígbà mìíràn, kataráàtì, ìyẹn funfun tó ń dì nínú ẹyinjú, ló ń fún àgbà ní irú ojú bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà mìíràn sì rèé, ṣúgà ló ti gòkè. Bí ó ti ń rí ìwé tó wà nítòsí, bẹ́ẹ̀ ni kò ní rí ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè dáadáa mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wọ ẹ̀yìn ojú lọ wàyí. Awọ fẹ́lẹ́ kan wà níbẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní rẹ́tínà. Òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀, òun ló ń fi ohun tí a rí ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Awọ náà ò nípọn rárá, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ ló sì kún inú rẹ̀ láti máa bọ́ ọ. Ẹ rántí páìpù tó ń gbé omi Ẹlẹ́yẹlé wọ àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Ìbàdàn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, á dípẹtà, ibì kan á dí, ibòmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ohun tí ṣúgà ń ṣe fún iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ́tínà nìyẹn. Níbi tó bá ti jò, omi á rọ́ jáde, rẹ́tínà á wú. Bí ó bá ṣe pé àárín gbùngbùn ló ti wú, níbi tí a fi ń kàwé, tí a fi ń dá ojú èèyàn mọ̀, ìríran á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Níbi tó bá ti dí ńkọ́? Oúnjẹ ò ní dé ibẹ̀ mọ́. Ojú á wá máa hu iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun láti fi dí àlàfo. Àwọn tuntun yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Wọn ò lágbára. Wọ́n lè bẹ́ lóru ọjọ́ kan, kí ẹ̀jẹ̀ kún inú ojú. Ẹni tó ríran sùn á wá jí sínú òkùnkùn. Wọ́n sì lè fa rẹ́tínà ya kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́.

Ẹ kíyè sí i. Kó tó di òru ọjọ́ náà, nǹkan ọ̀hún ti wà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ní gbogbo ọdún yẹn, olójú ò mọ̀. Ẹni tí ì bá rí i ni dókítà tó bá fi iná wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí rédíò yín, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ àti ojú àgbà là ń sọ. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ má dúró dìgbà tí ojú bá ṣú kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ta wá ni ewu náà sún mọ́ jù? Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti pẹ́ lára rẹ̀ ni. Iye ọdún ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn alátọ̀gbẹ láti nǹkan bí ọdún 1980. Wọ́n rí i pé nínú àwọn tí àtọ̀gbẹ mú lẹ́yìn tí wọ́n dàgbà, tó sì ti lo 20 ọdún lára wọn, ó lé ní ìdajì tí ẹ̀yìn ojú wọn ti ní àpẹẹrẹ ìbàjẹ́.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ àgbà wa ò mọ ọdún tí tiwọn bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi bàbá kan léèrè ìgbà tí àtọ̀gbẹ mú un. Á ní, “Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni.” Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n sọ fún un, lóòótọ́. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Egbò kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí kò san. Tàbí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ìpákè fún un, wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àtọ̀gbẹ ti ọjọ́ àgbà lè dákẹ́ sára èèyàn fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó rí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti sọ fún àgbàlagbà kan pé ó ní àtọ̀gbẹ, lọ́jọ́ náà ló ti yẹ kí wọ́n kọ ìwé fún un láti lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ẹlòmíràn ti ní ìbàjẹ́ lẹ́yìn ojú kó tó gbọ́ orúkọ àìsàn tó ń ṣe é.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni bí ṣúgà ṣe ń ga tó. Ọgbọ́n kan wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ kílíníìkì mọ̀. Bí ọjọ́ tí wọ́n máa rí dókítà bá ku ọ̀túnla, wọ́n á ṣọ́ ẹnu. Kò sí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, kò sí búrẹ́dì, òkèlè á kéré. Nọ́ọ̀sì á gún ọmọ ìka wọn, nọ́ńbà tó máa jáde á dára, gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, oúnjẹ á padà sí bó ṣe wà. Ojú ò gba irú ọgbọ́n yẹn. Ohun tí èèyàn jẹ ní gbogbo oṣù tó kọjá ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ojú ń kà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. HbA1c ni wọ́n ń pè é, ẹnì kankan ò sì lè fi ebi ọjọ́ méjì tàn án jẹ. Ó yẹ kí gbogbo alátọ̀gbẹ máa béèrè fún un.

Ṣé ṣúgà nìkan ni? Rárá o. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ àgbà wa ti ń fara gbá a. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn láti máa gbé inú ara kan náà. Ìyá kan á máa lo oògùn ṣúgà láàárọ̀ lálẹ́, kò ní pa á jẹ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wá di èyí tó ń lò nígbà tí orí bá fọ́ ọ. Bí orí ò bá fọ́, oògùn á wà nínú páálí. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í fọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lórí. Ó ń lọ káàkiri pẹ̀lú agbára, ó sì ń lu iṣan tí ṣúgà ti sọ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní 1977 lórí àtọ̀gbẹ ti ọjọ́ àgbà. Nígbà tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1998, ó hàn pé àwọn tí wọ́n bá wọn kápá ẹ̀jẹ̀ ríru dáadáa, ojú wọn ò bàjẹ́ tó ti àwọn yòókù, ìyàtọ̀ náà sì pọ̀ gan-an. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣọ́ ojú. Ó yẹ kí wọ́n máa sọ èyí fún àwọn àgbà nígbàkúùgbà tí wọ́n bá gbé oògùn náà lé wọn lọ́wọ́.

Kíndìnrín náà ń kó tirẹ̀ wá. Iṣan wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀ bíi ti ojú, nítorí náà bí ìtọ̀ alátọ̀gbẹ kan bá ń hó, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé púrótéènì ń bá a jáde, ẹ̀yìn ojú rẹ̀ náà nílò àyẹ̀wò kíákíá. Ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ń dá kún un. Àìtó ẹ̀jẹ̀ ń dá kún un. Sìgá ò dára fún iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan lára, ẹni tó bá ń mu ún kó jáwọ́.

Àwọn kan á ní, àìsàn àwọn òyìnbó nìyẹn, tàbí ti àwọn olówó Bódìjà. Ẹ gbọ́ èyí. Láàárín 2005 sí 2007, àwọn dókítà ojú lọ káàkiri gbogbo Nàìjíríà, ìlú àti abúlé, wọ́n yẹ ojú àwọn tó ti pé ogójì ọdún sókè wò, èèyàn tó lé ní 13,000. Nígbà tí Dókítà Fatima Kyari àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá gbé ti àtọ̀gbẹ jáde ní 2014, nǹkan bí ẹnì kan nínú àwọn alátọ̀gbẹ márùn-ún ni ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni tirẹ̀ ti burú débi pé ó lè fọ́jú. Àwọn èèyàn wa ni wọ̀nyẹn.

Ìbàdàn náà ní tirẹ̀ nínú ìtàn yìí. Ìwádìí kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tó darí rẹ̀, kó àwọn alátọ̀gbẹ jọ láti Ìbàdàn, Èkó àti Enugu, àti láti Accra àti Kumasi ní Ghana. Àbọ̀ wọn lórí ojú, tó jáde ní 2003, fi hàn pé kataráàtì tiẹ̀ pọ̀ lójú àwọn alátọ̀gbẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju ìbàjẹ́ rẹ́tínà lọ. Àwọn àgbà mọ kataráàtì, funfun tó ń bo ọmọlójú. Àtọ̀gbẹ ń mú kó tètè dé. Iṣẹ́ abẹ ń mú un kúrò, iṣẹ́ náà sì dára. Àmọ́ ẹni tí rẹ́tínà rẹ̀ ti bàjẹ́ lẹ́yìn kataráàtì, wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ náà tán kó má fi bẹ́ẹ̀ ríran. Ìbàjẹ́ ọ̀hún tiẹ̀ lè yára sí i lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló ti bá dókítà jà nítorí irú èyí. Kí wọ́n tó gbé alátọ̀gbẹ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ojú, kí ẹbí béèrè pé, “Dókítà, ẹ̀yìn ojú wọn ńkọ́?”

Ẹ̀yin tó ń gbọ́ wa nínú ọkọ̀, ẹ ò pẹ́ jù. Àgbà tó ní àtọ̀gbẹ la ń bá sọ̀rọ̀. Ojú tó ń ríran dáadáa ni kó gbé lọ fún àyẹ̀wò.

Nínú gbogbo ewu tí a ti kà sílẹ̀ yìí, èwo ló burú jù nílùú yìí? Ìdúró ni. Kí èèyàn máa dúró. Ojú ìyá ń ṣú, wọ́n á ní ọjọ́ orí ni. Bàbá ń kọ lu àga nínú pálọ̀, wọ́n á ní àgbà ló dé. Ó ń rí àmì dúdú wẹ́wẹ́ tó ń fò kiri níwájú rẹ̀, wọ́n á ní kó sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ta ló sọ pé ọjọ́ orí ń fọ́jú? Ọjọ́ orí lè mú kí àgbà nílò jígí láti kàwé. Ọjọ́ orí nìkan kì í mú kí èèyàn má dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ohun tó fà á, ohun náà sì ní orúkọ.

Bí wọn ò bá dúró, wọ́n á gba kẹ́míìsì lọ. “Ẹ fún mi ní oògùn ojú.” Wọ́n á fún wọn ní ìgò kékeré, wọ́n á máa kán an sójú láàárọ̀ lálẹ́. Kò sí oògùn ìkán ní kẹ́míìsì tó ń tún rẹ́tínà tí àtọ̀gbẹ bà jẹ́ ṣe. Èyí tó tiẹ̀ tún burú ni pé àwọn kan nínú oògùn náà ní sítẹ́rọ́ìdì nínú. Bí èèyàn bá ń kán an fún ìgbà pípẹ́ láìsí dókítà, ó lè gbé ìfúnpá inú ojú sókè, kó fa àìsàn ojú tó ń jẹ́ gùlókómà, kó sì tún fa kataráàtì. Gùlókómà sì rèé, ó wọ́pọ̀ láàárín àwa èèyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju bó ṣe wọ́pọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ayé lọ.

Ọ̀rọ̀ àgbo ńkọ́? Ewé níṣẹ́, kò sí ọmọ Yorùbá tó máa jiyàn rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá tìtorí àgbo pa oògùn dókítà tì, tí kò wọn ṣúgà rẹ̀ mọ́ nítorí pé ara rẹ̀ yá, ó ti fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ láìní olùṣọ́. Ẹni tí wọ́n gbàdúrà fún náà bẹ́ẹ̀. Kó máa gbàdúrà lọ, kó sì máa wọn ṣúgà lọ. Ojú kò sì fẹ́ ohunkóhun tí wọ́n bá fún sínú rẹ̀: ìtọ̀, omi ewé, oyin, ẹ má fi sí i.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí a sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbájú mọ́ ìtọ́jú. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ti ga fún ọdún pípẹ́, bí wọ́n bá já a wálẹ̀ lójijì, ẹ̀yìn ojú rẹ̀ lè kọ́kọ́ burú sí i díẹ̀ kó tó dára. Èyí ò ní kó má tọ́jú ara rẹ̀ o. Ohun tó fẹ́ ni pé kí dókítà ṣúgà àti dókítà ojú jọ mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yọjú sí ibòmíràn. Ní ilẹ̀ England, láti 2003, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń fi lẹ́tà pe àwọn alátọ̀gbẹ fún yíya àwòrán ẹ̀yìn ojú wọn. Bàbá Yorùbá tó ń gbé Peckham níbẹ̀ á gba lẹ́tà bíi ti gbogbo aráàlú. Kò sí pé ojú ń dùn ún tàbí kò dùn ún. Lẹ́tà á dé, á lọ, wọ́n á ya àwòrán, á padà sílé. Ní 2014, àwọn olùwádìí jábọ̀ pé, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti bí àádọ́ta ọdún, ìbàjẹ́ ojú àtọ̀gbẹ kọ́ ló ń fọ́ ojú àwọn tó ṣì lè ṣiṣẹ́ jù mọ́ ní England àti Wales. Wọ́n ka ètò yìí mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó fà á. Àtọ̀gbẹ ò dín kù lọ́dọ̀ wọn, ó ń pọ̀ sí i ni. Àmọ́ wọ́n ń tètè wò ó.

Ní Ìbàdàn, kò sí lẹ́tà tó ń bọ̀. Ìjọba lè ṣe é, ó sì yẹ kó ṣe é. Kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ya ẹ̀yìn ojú kò tóbi ju ohun tí ilé ìwòsàn kan lè gbà lọ. Bí ọ̀kan bá wà ní gbogbo kílíníìkì tí àwọn alátọ̀gbẹ ti ń gba oògùn, wọ́n á lè wo ojú wọn níbi tí wọ́n ti ń wọn ṣúgà wọn. Kó tó di ìgbà náà, ọmọ ni kó máa rán bàbá àti ìyá rẹ̀ létí.

Níbo ni kí wọ́n lọ? Ìlú yìí ò ṣàìní ibi tí wọ́n lè lọ. Ilé ìwòsàn UCH wà níbẹ̀, ní Oríta Mẹ́fà tí gbogbo wa mọ̀, tó ti ń gba aláìsàn láti 1957. Àwọn dókítà ojú wà níbẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé rẹ́tínà gan-an ni wọ́n kọ́ nípa rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọgbà kan náà ni ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó wà, èyí tí wọ́n ṣí ní 2012. Láti Dùgbẹ̀, kí èèyàn gba Mọ́kọ́lá, kò jìnnà.

Ọ̀pọ̀ àgbà ń bẹ̀rù àyẹ̀wò yìí nítorí wọn ò mọ bó ṣe ń lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ ní kí Màmá ka àwọn lẹ́tà tó wà lára ògiri, ojú kan lẹ́yìn èkejì. Nọ́ọ̀sì á wá kán oògùn sójú wọn. Ó máa ń ta díẹ̀. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ańkáṣífù lọ́wọ́, wọ́n á di ojú fún bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, títí ọmọlójú á fi fẹ̀. Lẹ́yìn náà, dókítà á tan iná sí i. “Ẹ wo òkè, Mà. Ẹ wo ilẹ̀. Ẹ wo apá ọ̀tún.” Iná náà mọ́lẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò dunni. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ó parí nìyẹn. Ojú á wà ní bàìbàì fún wákàtí mélòó kan, oòrùn á máa mọ́lẹ̀ jù lójú wọn. Nítorí náà, kí wọ́n má wakọ̀ lọ, kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ kan bá wọn lọ, kí wọ́n mú jígí dúdú dání bí wọ́n bá ní in. Kí wọ́n kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání pẹ̀lú.

Bí wọ́n bá rí nǹkan ńkọ́? Ìtọ́jú wà. Ìtànṣán léésà wà, tí wọ́n fi ń dá iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń jò àti àwọn tuntun tó fẹ́ hù dúró. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń gún sínú ojú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lo oògùn tí kò ní jẹ́ kó dunni. Bí èèyàn bá gbọ́ ọ, á yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n àwọn tó ti gbà á mọ̀ pé kì í pẹ́ tán. Iṣẹ́ abẹ náà wà fún èyí tó ti le. Owó wà nínú rẹ̀, a ò ní parọ́, abẹ́rẹ́ yẹn sì lè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àyẹ̀wò ọdọọdún kò wọ́n tó o. Ohun tó sì gbọdọ̀ yé gbogbo èèyàn ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, ìríran tó kù ni ìtọ́jú wọ̀nyí ń dá sí. Èyí tó ti lọ ṣòro láti gbà padà. Ẹni tó lọ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran kedere ló ń jèrè rẹ̀ jù.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni kí alátọ̀gbẹ máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀yìn ojú, bí dókítà ò bá ní kó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ojú bá ṣú lójijì, tí nǹkan dúdú bá ń fò kiri lójú, tàbí tó bá dà bíi pé wọ́n fa aṣọ bo apá kan ojú, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ kílíníìkì. Ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n lọ.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbọ́ wa, yálà ẹ wà ní Dùgbẹ̀, ní Èkó, tàbí ẹ wà lókè òkun tí ẹ ń fi fóònù gbọ́ wa, ẹ pe bàbá àti ìyá yín lónìí. Ẹ bi wọ́n léèrè ìgbà tí dókítà wo ẹ̀yìn ojú wọn kẹ́yìn. Bí wọn ò bá rántí, tàbí tí wọ́n ní kò sẹ́ni tó wò ó rí, ẹ bá wọn mú ọjọ́ kan nínú oṣù yìí, kí ẹ sì wá ẹni tó máa bá wọn lọ.